Ẹ̀rọ Síídì Tí O Fẹ́ Tà

Asawase, Kumasi.

Ràṣídì ọmọ mi, ọmọ Mọ́ríámọ̀,

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìwé yìí bá ìwọ àti Àfúsá ìyàwó rẹ ní àlàáfíà, kí ó bá yín lọ́jọ́ tí ẹ jẹun yó tí ẹ sì ń bá ara yín rẹ́rìn-ín. Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Ìyá rẹ ń kí yín. Aṣọ tí ó ní òun yóò rán fún Àfúsá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, yóò wà nínú àpò tí dírẹ́bà yóò gbé fún ọ pẹ̀lú ìwé yìí. Ata gígún wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó dì í sínú ọ̀rá méjì kí ó má baà ba aṣọ jẹ́. Rọra tú u.

Mo rí ìwé rẹ gbà, ó sì ti pẹ́ lọ́wọ́ mi kí n tó dáhùn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, inú bí mi. Mo mọ̀ pé tí mo bá dáhùn lọ́jọ́ náà, ìbínú ni màá kọ sínú ìwé, ìwọ náà yóò sì kà á tán, ìwọ yóò sọ pé àgbà ti dé sí bàbá rẹ. Nítorí náà mo fi í sílẹ̀ títí ara mi fi balẹ̀. Nígbà tí ara mi wá balẹ̀ tán, mo rí i pé kì í ṣe ìwọ ni mo ń bínú sí.

O ní o fẹ́ ta ẹ̀rọ síídì tí mo fún ọ nígbà ìgbéyàwó rẹ. O ní gbogbo orin inú àwọn síídì rẹ ni o ti kó sínú kọ̀ńpútà, pé níbi iṣẹ́ yín tí ẹ ti ń tún kọ̀ńpútà ṣe, bí gbogbo yín ṣe ń ṣe nìyẹn báyìí. O ní ẹ̀rọ náà kàn ń gba àyè ní pálọ̀ ni, eruku ni ó ń kó jọ, àti pé láìpẹ́ kò ní sí ẹni tí yóò rántí pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà rí. Lẹ́yìn náà, bí ọmọ tí a kọ́ tí ó gbẹ̀kọ́, o bi mí pé, "Bàbá, kí ni ẹ rò sí i?"

Ìwọ náà mọ̀ pé n kì í kọ̀wé gígùn. Ẹni tí ó ń ta agádágodo àti ìkọ́ ilẹ̀kùn ní ọjà Kejetia, kí ni ó fẹ́ fi ìwé gígùn ṣe? Ṣùgbọ́n ohun tí o bi mí kì í ṣe ohun tí mo lè fi ẹnu dírẹ́bà rán sí ọ. Jókòó dáadáa kí o kà á. Tí Àfúsá bá wà nítòsí, kà á sókè kí òun náà gbọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbà fún ọ níbi tí o ti jàre. Mo wá kí yín lẹ́yìn ìgbéyàwó, mo sì rí kọ̀ńpútà náà ní igun yàrá yín. O fi hàn mí bí orin ṣe tò sínú rẹ̀, o tẹ̀ ẹ́, ó kọ. Mo dẹ etí mi sílẹ̀ dáadáa, mi ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan láàárín ohùn rẹ̀ àti ohùn ẹ̀rọ síídì. Àwọn kan ní ìyàtọ̀ wà. Ó lè wà fún àwọn tí etí wọ́n mú ju tèmi lọ. Bákan náà, o sọ òótọ́ pé síídì máa ń họ. Ọyẹ́ tí ó ń jà níbí ní gbogbo ọdún, tí eruku rẹ̀ ń wọ inú àpótí tí a tì pa, kò mọ síídì yàtọ̀ sí aṣọ. Kọ̀ńpútà dára. Mi ò bá ọ jà lórí ìyẹn, mi ò sì fẹ́ kí o sọ ọ́ kiri pé bàbá rẹ ò fẹ́ ohun tuntun. Èmi ni mo kọ́kọ́ ra ṣénjà, ẹ̀rọ tí ń lu àwo orin, ní gbogbo agboolé wa, kí o má gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín tí n kò sọ fún ọ. O ti lọ sí ibi iṣẹ́. Èmi àti Àfúsá nìkan ni a wà nílé. Ó gbé oúnjẹ fún mi, ó gbé omi, ó jókòó sórí àga ní pálọ̀, ó káwọ́ gbera. Ilé dákẹ́. Mo wo ẹ̀rọ síídì náà, mo rí i pé o ti kó bébà iṣẹ́ rẹ lé e lórí, o sì ti yọ wáyà rẹ̀. Mo wá sọ fún ọmọ náà pé, "Àfúsá, bá wa fi orin díẹ̀ sí i níbi kọ̀ńpútà yẹn, kí ilé má dákẹ́ tó báyìí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Ràṣídì dé. Òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i."

Mo ní, "Kò kọ́ ọ ni?"

Ó ní, "Wọ́n máa ń tẹ ọ̀rọ̀ kan sí i kí ó tó ṣí. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní iṣẹ́ òun wà nínú rẹ̀, kí ọwọ́ má baà kàn án." Ó rí i pé ojú mi yí padà, ó wá yára sọ pé, "Kò sí wàhálà, Bàbá. Tí ó bá ti ń lò ó, mo máa ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo wà."

Ràṣídì, nígbà tí ọmọ yẹn sọ ọ̀rọ̀ yìí, mo gbé abọ́ oúnjẹ sílẹ̀. Mo dìde, mo ní mo fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá. Kì í ṣe àkókò ìrun rárá. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹnu ìyá rẹ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, gẹ́lẹ́ bí Àfúsá ṣe sọ ọ́, nínú ilé yìí, èmi ni mo sì fà á.

O kéré nígbà tí mo ra ṣénjà náà. Ọjà mi ń tà nígbà náà. Lásìkò tí gbogbo nǹkan wọ́n, tí ẹ̀rù olè ń ba gbogbo ènìyàn, ta ni kò ra agádágodo? Mo ra ṣénjà náà pẹ̀lú sípíkà rẹ̀ méjèèjì, mo sì ní kí káfíńtà kan ní Asafo kan àpótí onígíláàsì fún un, èyí tí ó ga tó àyà mi. Ìyá rẹ rán aṣọ tí a fi bò ó, aṣọ funfun tí ó ya òdòdó aláwọ̀ ewé sí etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo mú agádágodo kékeré kan láti ìsọ̀ mi, mo fi ti àpótí náà, mo sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn ṣòkòtò mi.

Gbogbo wa ni a ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Tí o bá wọ ilé àwọn ènìyàn wa ní Asawase yìí, ìwọ yóò rí àpótí onígíláàsì ní pálọ̀, pẹ̀lú abọ́ tí ẹnì kankan ò fi jẹun rí, ife tí ẹnì kankan ò fi mumi rí, àti ẹ̀rọ tí a fi aṣọ bò. Ọjọ́ Iléyá, ọjọ́ Ìtúnu Àwẹ̀, àti ọjọ́ tí àlejò pàtàkì bá dé ni a ń ṣí i. Ẹni tí ó ní nǹkan gidi nílé ni wọ́n mọ̀ sí ẹni tí ó ń ti nǹkan náà. Èmi tí mo wá ń ta agádágodo, kí ni o fẹ́ kí n ṣe? Mo ti gbogbo ohun tí ó ṣeé tì.

Ìyá rẹ fẹ́ràn orin ju gbogbo ènìyàn tí mo mọ̀ lọ. O kò mọ ohùn rẹ̀ bí ó ṣe rí nígbà tí ó wà lọ́mọge. Òun ni ó máa ń lé orin fún àwọn obìnrin àsàlátù, tí àwọn yòókù yóò sì máa gbè é. Ohùn rẹ̀ ni mo tilẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí ojú rẹ̀. Mo dúró sí ẹ̀yìn ògiri mọ́ṣáláṣí, mo ń bi ọ̀rẹ́ mi pé, "Ta ló ń kọrin yẹn?" Ìgbà tí mo wá fẹ́ ẹ tán, tí mo ra ẹ̀rọ orin, mo tì í mọ́ ọn lójú. Mo ní abẹ́rẹ́ tí ń lu àwo ṣòroó rí rà, mo ní ọwọ́ obìnrin tí ń rán aṣọ le jù fún un. Ọwọ́ kan náà tí ó rán aṣọ tí a fi bò ó. Ó láṣẹ láti fọ aṣọ náà, kò láṣẹ láti ṣí ohun tí ó bò.

Lẹ́bàá wa níbí ni Maame Akosua ń gbé nígbà náà, obìnrin ará Ashanti kan tí ó ń ta ọṣẹ. Ó ní rédíò kékeré tí ń lo kásẹ́ẹ̀tì, ó ti fọ́ létí kan, rọ́bà ni wọ́n fi dì í. Ojú fèrèsé ni ó máa ń gbé e sí láti àárọ̀. Bí ìyá rẹ bá ti kọjá, Maame Akosua yóò ní, "Me nua, bra, bɛtena ase," pé kí arábìnrin òun wá jókòó. Ìyá rẹ yóò sì wọlé, yóò jókòó tì í. Àwọn ìgbà kan wà tí ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ síbẹ̀ pátápátá. Mo máa ń bi í pé kí ni ó ń wá lọ́hùn-ún, a sì ní ilé tiwa. Yóò ní atẹ́gùn ń fẹ́ sí ọ̀hún dáadáa. Mo gbà á gbọ́. Rárá, irọ́ ni mo ń pa yẹn. Mi ò gbà á gbọ́, ó kàn rọ̀ mí lọ́rùn kí n ṣe bí ẹni pé mo gbà á gbọ́.

Ní ọdún Iléyá kan, mo ṣí àpótí fún àwọn àlejò mi láàárọ̀, mo sì gbàgbé láti tì í kí n tó jáde lọ kí àwọn ènìyàn. Àwọn obìnrin àsàlátù wá kí ìyá rẹ. Ó gbé ẹran fún wọn, ó gbé ìrẹsì, ó sì fi àwo kan sórí ṣénjà. Mo wọlé pẹ̀lú àwọn oníṣòwò méjì tí mo fẹ́ gbà lálejò. Àwọn obìnrin náà ń pàtẹ́wọ́, ìyá rẹ dúró láàárín wọn, ó ń kọ orin náà tẹ̀lé e, ojú rẹ̀ sì ń dán. Mi ò kí ẹnikẹ́ni. Mo kọjá láàárín wọn, mo gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo, mo ti àpótí pa. Mo wá bi í níṣojú gbogbo wọn pé, "Ta ló fún ọ láṣẹ?"

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní, "Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá Ràṣídì. Ọdún ni."

Ìyá rẹ ò sunkún. Ó yíjú sí wọn, ó ní, "Ẹ jókòó, ẹ jẹ ẹran yín tán kí ẹ tó lọ." Wọn ò jókòó. Wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gba ẹnu ọ̀nà jáde, wọ́n ń sọ fún un pé àwọn yóò tún padà wá. Nígbà tí àwọn àlejò mi lọ, mo gbé àwo náà síwájú fèrèsé, mo yí i sọ́tùn-ún sósì nínú ìmọ́lẹ̀ kí n lè rí ibi tí ó ti bà á jẹ́. Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ó ti gbé abẹ́rẹ́ lé e dáadáa ju bí èmi ṣe máa ń gbé e lọ.

Láti ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà mọ́. Nígbà tí inú mi bá dùn, tí mo bá ṣí i fúnra mi, màá pè é láti ìta pé, "Ìyá Ràṣídì, wá jókòó, wá gbọ́ orin." Yóò dáhùn láti ibi tí ó ti ń ránṣọ pé, "Mò ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo wà." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni ó fi ń sọ ọ́, èmi náà á sì jókòó nìkan láàárín àga mẹ́rin, màá máa gbọ́ orin mi. Mo rò pé mo ti borí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ síídì ni mo ń bọ̀ sí yìí, má bínú pé mo gba ọ̀nà tó jìn. Nígbà tí o wọ ilé ìwé gíga, arákùnrin kan tí ó ti Jámánì dé ń ta àwọn ẹrù rẹ̀ ní Asafo, ẹ̀rọ síídì kan sì wà nínú wọn. Ó fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn mí. Kò sí abẹ́rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ kan báyìí ni ó ń ka orin lára àwo, kò fọwọ́ kàn án rárá. Ọmọdé lè lò ó, afọ́jú lè lò ó, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lè lò ó. Mo dúró níbẹ̀, ojú sì tì mí, arákùnrin náà ò mọ ìdí rẹ̀. Gbogbo àwáwí tí mo ní láti ìgbà yẹn wá, abẹ́rẹ́ ni. Kò sí abẹ́rẹ́ mọ́.

Mo rà á. Mo gbé e wálé, mo yọ agádágodo kúrò lára àpótí, mo gbé ẹ̀rọ tuntun náà sórí tábìlì níta gbangba láìbò ó. Mo pe ìyá rẹ, mo ní, "Tìrẹ nìyí. Bọ́tìnnì yìí ni o máa tẹ̀. Kò lè bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ." Ó wò mí, ó wo ẹ̀rọ náà. Ó tẹ̀ ẹ́. Orin jáde. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Ó dára o, Bàbá Ràṣídì, ẹ ṣé." Láti ọjọ́ náà, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá sí pálọ̀. Ojoojúmọ́ tí mo bá ti Kejetia dé, màá bá a níbẹ̀, orin yóò máa lọ, yóò máa mi orí. Inú mi dùn dé ibi tí mo ń bá àwọn ènìyàn ní ọjà sọ ọ́. Mo rò pé mo ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ní ọjọ́ kan, mo tètè dé. Ìyá rẹ wà ní ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń mi orí bí ó ti máa ń ṣe. Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ilé dákẹ́. Síídì ti parí, mi ò mọ ìgbà tí ó ti parí. Ó ṣì ń mi orí. Mo pè é, kò dáhùn. Mo tún pè é. Nígbà tí òjìji mi bọ́ sórí aṣọ tí ó ń rán ni ó tó yíjú, ó sì yára sọ pé, "Mò ń gbọ́ orin yín ni o."

Dókítà tí a lọ rí ní ọ̀sẹ̀ náà ní ó ti pẹ́ tí etí rẹ̀ ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ní àsìkò tí ẹ̀rọ síídì fi dé ilé wa, ohùn ènìyàn tí ó bá súnmọ́ ọn, tí ó sì ń wo ẹnu rẹ̀, nìkan ni ó ń gbọ́ dáadáa. Nígbà tí mo bi ìyá rẹ pé kí ló dé tí kò sọ fún mi, ó ní, "Inú yín dùn púpọ̀ nítorí ẹ̀rọ yẹn, mi ò fẹ́ bà á jẹ́ fún yín." Ẹ̀rọ náà gan-an ni mo gbé fún ọ nígbà ìgbéyàwó rẹ. O ti ń rò pé ìyá rẹ ti ń ya aláìbìkítà. O sọ ọ́ fún mi nígbà ìgbéyàwó rẹ pé o ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń wo ibòmíràn. Òun ni ó ní kí n má sọ fún ọ kí o má baà máa ronú. Mo ti wá bẹ̀ ẹ́ báyìí, ó ti gbà kí n sọ ọ́. Tí o bá wálé, dúró sí iwájú rẹ̀, jẹ́ kí ó rí ẹnu rẹ, kí o sì rọra máa sọ̀rọ̀. Má pariwo. Kò fẹ́ kí wọ́n máa pariwo mọ́ òun.

Mo kábàámọ̀, Ràṣídì. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Gbogbo ọdún tí etí rẹ̀ fi mú, ilé àjèjì ni ó ti ń gbọ́ orin, èmi sì ní orin nílé tí mo so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí.

Ó ti tó báyìí. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe.

Èkínní, má ta ẹ̀rọ síídì náà. Kì í ṣe nítorí pé èmi ni mo fún ọ. Àfúsá lè tẹ̀ ẹ́ kí ó sì kọrin, láìdúró dè ọ́, láìmọ ọ̀rọ̀ àṣírí kankan. O ní kọ̀ńpútà ti gba iṣẹ́ rẹ̀. Fún ìwọ, bẹ́ẹ̀ ni. Fún ẹni tí ó wà nílé láti àárọ̀ títí o fi dé, kò tíì gba nǹkan kan. Kó bébà rẹ kúrò lórí rẹ̀, kí o sì fi wáyà rẹ̀ padà.

Èkejì, kọ́ ọ ní kọ̀ńpútà náà pẹ̀lú. Fún un ní ọ̀rọ̀ tí ó ń ṣí i. Tí iṣẹ́ rẹ bá wà nínú rẹ̀ tí ó ṣòro, wá ọ̀nà, ìwọ ni o kàwé rẹ̀. Mo mọ̀ pé o kò ní in lọ́kàn láti fi nǹkan dù ú. Èmi náà ò ní in lọ́kàn. Abẹ́rẹ́ ni mo ń dáàbò bò, bí ìwọ náà ṣe ń dáàbò bo iṣẹ́ rẹ.

Ohun mìíràn tún wà tí n kò fẹ́ gbàgbé. O sọ pé tí síídì bá họ, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Jẹ́ kí ó họ. Ṣénjà mi wà níbí dòní, kò sí ìlà kan lára àwọn àwo rẹ̀, ẹnikẹ́ni tí o bá fi hàn yóò ní mo tọ́jú wọn dáadáa. N kì í lè wò wọ́n. Rédíò Maame Akosua ti fọ́ pátápátá kí obìnrin náà tó kó kúrò níbí, gbogbo ojúlé tí ó yí i ká ni ó sì mọ orin inú rẹ̀. Bákan náà, bí síídì kan bá bàjẹ́, àwọn yòókù ṣì wà. Ìwọ tí o ń tún kọ̀ńpútà ṣe, ìwọ ni o sọ fún mi pé ó máa ń kú lójijì pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà ní ikùn rẹ̀. Pa àwọn síídì rẹ mọ́, ọmọ mi. Tò wọ́n sí ibi tí àlejò lè fi ọwọ́ mú èyí tí ó wù ú, kí ó wo àwòrán ara rẹ̀, kí ó sọ pé èyí ni òun fẹ́.

Tí Àfúsá bá sì sọ fún ọ nínú ohunkóhun pé òun ń gbọ́ ọ láti ibi tí òun wà, ohunkóhun o, má jókòó. Dìde lọ́jọ́ náà, kí o lọ bá a níbi tí ó wà.

Mo fẹ́ fi ibẹ̀ parí ìwé yìí. Ṣùgbọ́n lónìí, kí n tó dì í, mo mú un lọ bá ìyá rẹ níbi tí ó ti ń so bọ́tìnnì mọ́ aṣọ Àfúsá, mo jókòó sí iwájú rẹ̀, mo ka díẹ̀ nínú rẹ̀ fún un, ó ń wo ẹnu mi. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ síídì, ó dá mi dúró. Ó ní, "Orin wo ni Àfúsá fẹ́ràn?"

Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní ó dà bí ẹni pé Ràṣídì náà ò mọ̀.

Ó mi orí, ó padà sí bọ́tìnnì rẹ̀. Mo wá rí i pé mi ò bi òun náà rí, láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ. Mo fọwọ́ kàn án kí ó lè wò mí. Mo ní, "Mọ́ríámọ̀, ìwọ ńkọ́? Nínú gbogbo àwo tí a ní nílé yìí, èwo ni o fẹ́ràn jù?"

Ó ronú. Ó ní, "Kò sí nínú wọn, Bàbá Ràṣídì. Ọ̀dọ̀ Maame Akosua ni mo ti ń gbọ́ ọ, mi ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀." Ó wá fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ fún mi, òun tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ mọ́, ó ń kọ ọ́ lọ láìṣì í, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Mi ò gbọ́ orin náà rí.

Bi Àfúsá lónìí, ọmọ mi. Má jẹ́ kí ó di ọ̀la.

Èmi ni bàbá rẹ tí ó fẹ́ràn rẹ,

Búráímọ̀.